Rélùwéè Àbújá sí Kàdúná: mò ń wọ̀ ọ́, àmọ́ ìràwọ̀ mẹ́ta ni màá fún un

Ẹni tó bá ń béèrè bóyá rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ṣeé wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé wọ̀, èmi náà ń wọ̀ ọ́, àmọ́ ti ojúmọmọ nìkan ni. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni màá fún un, kì í sì í ṣe torí àga.

Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ò lẹ́jọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Ìdú, ẹ yà ní Kubwa, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti wà nínú igbó, ó di Rigasa ní Kàdúná, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 186 lọ. Ara ò ní ro yín bí ẹni tó wọkọ̀ títì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe ìgbádùn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ibẹ̀, ìbẹ̀rù ajínigbé ni. Ẹni tó bá mọ títì márosẹ̀ Àbújá sí Kàdúná mọ ohun tójú ń rí níbẹ̀, wọ́n á yọ láti inú igbó ní apá Katari tàbí Rijana, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á kó èèyàn lọ bí ẹran. Torí náà nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní 2016, òṣìṣẹ́ ìjọba o, ọmọ yunifásítì o, dókítà o, ìyá ọlọ́mọ o, gbogbo wa la jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ la rò pé a ti bọ́.

Wọ́n tẹ̀lé wa débẹ̀. Ní October 2021 wọ́n fi bọ́ǹbù ba irin jẹ́, ọkọ̀ dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ tún ń lọ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí wọ́n ti pàrokò sí wa, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé òun ò mọ̀. Nígbà tó di Monday 28 March 2022, ọkọ̀ tó kúrò ní Ìdú ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò tíì tó aago mẹ́jọ tí bọ́ǹbù bú gbàmù lójú irin láàárín Katari sí Rijana, ọkọ̀ dúró gbọnyin, àwọn agbébọn yí i ká wọ́n ń yìnbọn wọlé, àwọn èèyàn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga nínú òkùnkùn. Èèyàn 362 ni iléeṣẹ́ rélùwéè ní ó wà nínú ẹ̀. Mẹ́jọ kú, wọ́n kó èèyàn tó lé ní ọgọ́ta wọgbó. Àwọn 23 tó gbẹ̀yìn, 5 October ni wọ́n tó rí wọn gbà padà! Rotimi Amaechi tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà nígbà yẹn wá sọ pé àwọn ti béèrè ẹ̀rọ tí á máa ṣọ́ ojú irin, bílíọ̀nù 3 náírà, ìjọba ò fọwọ́ sí i. Ẹ wá wò ó, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò kọ́ńtíráàtì.

Ní oṣù May wọ́n tún kéde pé ọkọ̀ á padà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23, nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú igbó! Àwọn ẹbí ló fárígá, ọlọ́run bù kún wọn, ló jẹ́ kí wọ́n so ó rọ̀. Ọjọ́ 5 December 2022 ló tó padà.

Ohun tó yí padà dáa, mi ò ní parọ́. Kò sí ọkọ̀ alẹ́ mọ́ nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá wà pẹ̀lú yín, ẹ ò sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì láìsí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn kan ń kùn sí NIN yìí, èmi ò sí lára wọn, torí ọ̀sẹ̀ tí ìkọlù yẹn ṣẹlẹ̀ àwọn ẹbí ń wá orúkọ èèyàn wọn kiri ni, àríyànjiyàn wà lórí ẹni tó wọkọ̀ àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì wọ̀ ọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Katari ẹ máa rí i lójú àwọn èèyàn. Ẹni tó ń fóònù á gé e. Ìyá kan wà níwájú mi nígbà kan, ṣe ló gbé ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé wá sáàárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ìgbà tá a kọjá Rijana ló tó dá a padà síbi tó wà. Kò sí kóòṣì tó mọ́ tó lè mú ìyẹn kúrò, ìdí tí mo fi yọ ìràwọ̀ méjì nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ọkọ̀ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé, kó mọ ọkọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀. Rigasa ò sí láàárín ìlú, torí náà ẹ ti bá ẹni tó máa wá gbé yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ìdú.