Ayédèrú Ọta 9mm fún Ìdánrawò: Oníke, Oníbàbà àti Alumíníọ̀mù

Kí n tètè sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Fún ìbọn ìléwọ́ 9mm, ayédèrú ọta (ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù nínú) tí wọ́n ń pè ní A-Zoom, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù gbẹ́ láti orí dé ìdí, ni mo tún máa fi owó mi rà. Márùn-ún ló wà nínú páálí kan, kò sì tó dọ́là 20 nígbà tí mo ra tèmi ní Houston níbí. Ẹni tó bá ráyè, kó jókòó, torí àlàyé tó wà nídìí ẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Glock 19 ni ìbọn tí mo ń lò. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ọsibítù, èmi àti Bàbá Ìbejì sì fẹnu kò pé bí ìbọn yóò bá wà nínú ilé wa, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, òfin Texas ti gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn, láyè láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó máa ṣe bó bá fa tírígà tí ìbọn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ra ayédèrú ọta nìyẹn.

Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ “snap cap” sára òmíràn. Ẹni tó fẹ́ máa fa tírígà lásán nínú ilé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, kí abẹ́rẹ́ ìbọn lè rí nǹkan rírọ̀ gún. Glock kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Àní kí ẹ tó lè tú u palẹ̀ láti nù ún, dandan ni kí ẹ kọ́kọ́ fa tírígà rẹ̀ lófìfo. Ohun tí èmi ń wá yàtọ̀. Mo fẹ́ ọta tí kò ní ẹ̀tù nínú, tí yóò gòkè wá láti inú màgásíìnì (àpótí kékeré tí wọ́n ń to ọta sí), tí yóò wọ ihò ìbọn, tí ìbọn yóò fà jáde, tí yóò sì fò bọ́ sílẹ̀ bíi ti gidi, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, láìfọ́. Ibi tí iṣẹ́ yẹn ti ń bàjẹ́ kò ju ibì kan lọ: etí ìdí ọta. Ìkọ́ kékeré kan wà lára sílàídì, ìyẹn irin òkè ìbọn tó ń lọ tó ń bọ̀, ìkọ́ náà ló máa ń gba etí yẹn mú láti fa ọta jáde. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa sílàídì sẹ́yìn ni ìkọ́ irin yìí ń bu etí ọta jẹ. Nítorí náà, bí mo bá gbé ayédèrú ọta kan lọ́wọ́ nísinsìnyí, ìdí rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń wo orí.

Oníke ló pọ̀ jù lórí àtẹ, òun náà ló sì wọ́n kéré jù. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ẹnikẹ́ni kò lè ṣì í mú fún ọta gidi, mo sì gbóríyìn fún un níbẹ̀. Àmọ́ ó fúyẹ́ jù. Bí ó bá ń jáde kúrò nínú ìbọn, kì í fò. Ó kàn ń yọ́ bọ́ sórí ọrùn ọwọ́ mi ni. Kò pẹ́ tí etí ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já ní wẹ́wẹ́, tí èérún ike ń wọnú ihò ìbọn. Nígbà tó yá, ọ̀kan há pátápátá. Ìkọ́ ti jẹ etí rẹ̀ tán, sílàídì ń lọ ó ń bọ̀, ọta kò kúrò níbi tó wà. Láti ẹnu ìbọn ni a ti fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu inú àgbá rọra tì í jáde. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹni tí kò tíì di ìbọn mú rí bí wọ́n ṣe ń to ọta sínú màgásíìnì, oníke tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó kọjá ìyẹn.

Ìkejì ni èyí tó ní èèpo bàbà gidi, tí wọ́n fi ike aláwọ̀ ọsàn ṣe orí rẹ̀. Èyí ní láárí. Etí ìdí rẹ̀ lágbára torí pé èèpo ọta tòótọ́ ni, ó sì wúwo ju oníke lọ dáadáa. Orí rẹ̀ ni wàhálà. Gbogbo ìgbà tí sílàídì bá gbá a wọlé ni ike yẹn ń rì sínú èèpo díẹ̀díẹ̀. Ọta 9mm kò gbọdọ̀ gùn ju mílímítà 29.69 lọ, tèmi kan ti kúrú débi pé n kò nílò rúlà kí n tó rí i nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta gidi. Ọta tó bá kúrú báyẹn lè máa forí sọlẹ̀ bó bá ń gòkè bọ̀, ìbọn á sì há níbi tí ẹ kò ti gbèrò pé kó há. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń tú ìbọn tó há sílẹ̀ lè ní kí ló burú níbẹ̀. Èmi fẹ́ kí ó há ní irú ọ̀nà tí mo fẹ́, nígbà tí mo fẹ́.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ alumíníọ̀mù. Odindi ni, kò sí orí tó máa rì, etí ìdí rẹ̀ kì í sì í já bọ̀rọ̀. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń gún náà rọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi fa tírígà nínú ilé bó bá wù yín. Kò wúwo tó ọta gidi, ṣùgbọ́n ó ń fò jáde bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹ máa bójú tó ni àwọ̀: èyí tó dúdú mọ́ pupa máa ń sọnù sáàárín èèpo ọta tó kún ilẹ̀ réǹjì, ìyẹn ibi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Wọ́n ti ń ta aláwọ̀ ọsàn báyìí, òun ni kí ẹ mú. Kí ẹ sì mú páálí méjì, torí bí ọ̀kan bá fò kọjá ìlà níbi ìyìnbọn, ó di ti onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ẹ lọ ṣà á. Alumíníọ̀mù yòówù kó jẹ́, bó bá pẹ́, etí rẹ̀ á máa ní ẹ̀gún. Ẹ fi èékánná yí i ká. Bó bá ń há yín léèékánná, ẹ jù ú nù.

Irú kan wà tí n kò fẹ́ rí nínú ilé mi rárá: èyí tí àwọn tó ń ṣe ọta fúnra wọn máa ń tò láìfi ẹ̀tù sí i, bàbà lókè, bàbà nísàlẹ̀, tó jọ ọta gidi bí ìbejì. Àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá máa ń lu ihò sára èèpo tiwọn tàbí kí wọ́n fa ilà jíjìn sí i lára kí ọwọ́ lè dá a mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní New Mexico, ọta gidi dàpọ̀ mọ́ ayédèrú tó jọ ọ́, ó sì pa Halyna Hutchins tó ń darí iṣẹ́ kámẹ́rà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá obìnrin tó ń bójú tó ìbọn níbẹ̀ lẹ́bi. Kò sí iye tí irú ọta bẹ́ẹ̀ lè dínwó tó tí mo fi máa rà á.

Ní réǹjì, Bàbá Ìbejì ló ń to màgásíìnì mi, ó sì ń kẹ̀yìn sí mi tò ó. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju irú ọta lọ, torí pé bí mo bá fúnra mi tò ó, mo ti mọ ibi tí ayédèrú wà nìyẹn. Mo yìn ín, ó dún. Mo tún yìn ín, ó dún. Ẹ̀kẹta, kẹ́ẹ́! Ìbọn kò dún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti forí balẹ̀ níwájú gbogbo ayé, torí ara mi ti ń retí ariwo. “Ìyá Ìbejì, ta lẹ fẹ́ kúnlẹ̀ kí?” Ohun tó wí nìyẹn, olùkọ́ wa sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí màgásíìnì, mo fa sílàídì, ayédèrú fò jáde, mo padà síbi àmì. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ réǹjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọta gidi ló kọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kò fi ayédèrú sí i, ọ̀pọ̀ réǹjì ní kí ẹ dojú ìbọn kọ ibi àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, torí ó lè pẹ́ kó tó dún.

Fún ìgbà tí ọta méjì bá jọ fẹ́ wọ ihò kan, inú ilé ni mo ti ń ṣe é. Mo máa ṣí sílàídì, máa fi ayédèrú kan sínú ihò, máa ti màgásíìnì tó ní ayédèrú bọ̀ ọ́, kí n tó jọ̀wọ́ sílàídì. Há ló máa há. Kí n tún ṣí i, kí n fa màgásíìnì yọ tipátipá, kí n fa sílàídì léraléra títí ihò fi ṣófo, kí n tó tún un kì. Ọta gidi kì í sí nínú yàrá yẹn. Bàbá Ìbejì á yẹ̀ ẹ́ wò, èmi náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ti èèpo ọta tó dúró gangan lẹ́nu ibi tó ń gbà jáde, ayédèrú ọta kò wúlò fún un. Èèpo òfìfo tí ẹ ṣà ní réǹjì ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn oní ìbọn ọlọ́ta kékeré .22, ẹ má fi ayédèrú tiyín fa tírígà lásán. Ayédèrú .22 wà láti dán bí ìbọn ṣe ń gbé ọta wọlé, tó ń gbé e jáde wò. Etí ìdí ni abẹ́rẹ́ irú ìbọn yẹn ń gún. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí bá fẹ́ fa tírígà lásán, fíṣà oníke tí wọ́n ń kì bọ ihò ògiri ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń lọ sílé, ẹ tú báàgì yín wò. Ta ló fẹ́ dúró máa ṣàlàyé ayédèrú ọta fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìkẹjà? Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára àgbá ìbọn yín pẹ̀lú kí ẹ tó sanwó, torí páálí 9mm àti ti .380 sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkejì sì kúrú.