Àtìmọ́lé ọjọ́ díẹ̀ ní Hawaii, àbí kóòtù àwọn sójà àtijọ́ ní Buffalo?

Bí ẹni tí kóòtù dá sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ dípò ẹ̀wọ̀n bá rú òfin ìdásílẹ̀ rẹ̀, kí ni ká ṣe fún un? Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe.

Ti Hawaii, tí Adájọ́ Steven Alm bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kò gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n á fún ọ ní àwọ̀ kan, ká ní búlúù. Láràárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, wàá pe nọ́ńbà kan. Bí wọ́n bá dárúkọ àwọ̀ rẹ, o gbọ́dọ̀ lọ tọ̀ sínú ike lọ́jọ́ náà fún àyẹ̀wò oògùn olóró. Bí o bá kùnà, àtìmọ́lé ọjọ́ díẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀. Ó yá, ó sì yéni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn, àbájáde tó jáde ní 2016 kò fi hàn pé ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, Adájọ́ Robert Russell dá kóòtù sílẹ̀ ní 2008 fún àwọn tó ti ṣe sójà rí tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Sójà àtijọ́ bíi tìẹ ni wọ́n á fi tì ọ́ lẹ́yìn, ẹni tó mọ ìdí tí ìró bángà fi ń já ọ láyà. Owó ìtọ́jú ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù, àfi ti ẹni tí iṣẹ́ ológun lé jáde pẹ̀lú àbùkù. Ẹrù ìyẹn sábà máa ń já lé ìpínlẹ̀ lórí.

Buffalo ni tèmi, bó tilẹ̀ ń pẹ́. Ibi tó kù sí ni pé ẹni tí kò wọ aṣọ ológun rí kò ráyè wọlé.