Ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ Mọ́sálásí Ńlá, Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kọjá Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ohun tó pọ̀ wò. Àwọn Mùsùlùmí ìdílé Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló kọ́ ọ láàárín 1912 sí 1935, ó sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà tó wà nítòsí ibẹ̀ ló máa ń dá ẹsẹ̀ mi dúró.

Àkàrà rẹ̀ dára púpọ̀! Ó bó èèpo ẹ̀wà kúrò pátápátá, ó po ó títí ó fi fúyẹ́, kò sì fi ìyẹ̀fun kankan lú u. Ẹ̀yìn rẹ̀ le díẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀. Ata àti àlùbọ́sà tútù tó ń bù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan tó láti mú ènìyàn padà lọ. Ẹ fi mu ògì gbígbóná. Bí ẹ bá kí i, "Ẹ kú ọjà, Ìyá," ó máa ń fi èènì sí i.

Àtùpà rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí n lè rìn níbẹ̀ lálẹ́ láìbẹ̀rù. Àlejò tó bá ṣìnà, òun ló ń júwe ọ̀nà fún un, ní Yorùbá tàbí ní Gùn, èdè àwọn Ègùn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: kí ó fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń lé ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sójú títì, sáàárín àwọn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, èyí sì léwu fún ọmọdé.

Ẹ tètè lọ, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání.