Síkéèlì tí mo gbé padà lọ fi jà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo gbé síkéèlì yìí wọ máíkírà láti Mọ́kọ́lá. Kí n tó dé Dùgbẹ̀ níbi tí mo ti rà á, ojú mi ti pọ́n.

Omi ni mo ń yẹ̀ wò fún àwọn tó ń ṣe píọ̀-wọ́tà. Mo ní ìgò ìwọ̀n onímílílítà 100 kan tí mo fẹ́ dán wò. Omi náà wà ní 28°C, mo sì mọ̀ pé bó ṣe gbóná tó yẹn, mílílítà 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráàmù 99.62. Mo yọ ìwọ̀n ìgò kúrò, mo rọ omi dé ojú ilà, mo nu ọrùn ìgò, mo gbé e lé e: 99.52. Mo dà á nù, mo tún un ṣe. 99.52. Ìgbà kẹfà, 99.51. Mo wá gbé irin onígíráàmù 100 tí wọ́n tà mọ́ ọn lé e: 100.000 gẹ́lẹ́. Èyí gan-an ló bí mi nínú. Ó mọ irin tirẹ̀, kò mọ omi mi!

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kò tilẹ̀ wojú mi. "Bọ̀dá, ẹ wo ẹ̀yìn rìsíìtì yín." Wọ́n ti lu sítáǹbù sí i: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ó tún bi mí bóyá mo tan fáànù nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n. Fáànù! Bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀. Ariwo tí mo pa ló mú bàbá kan tó ń tún nǹkan ṣe jáde láti ẹ̀yìn, awò rẹ̀ lórí irun.

"Jókòó, ọmọ mi." Kò béèrè rìsíìtì.

Ó mú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tó ti gbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó ká a pọ̀ mọ́ òwú kan, ó wọ̀n ọ́n: 2.014. Ó ṣí ẹnu ọ̀rá, ó fì í títí afẹ́fẹ́ fi kún un (kò fi ẹnu fẹ́ ẹ o), ó fi òwú yẹn so ó, ó gbé e padà. Afẹ́fẹ́ ìdajì lítà tó bíi gíráàmù 0.6, mo ń retí kó lé. 2.014. Òǹkà ìkẹyìn kàn ń jó díẹ̀ ni.

"Níbo ni afẹ́fẹ́ tí mo dì síbẹ̀ wọlẹ̀ sí?"

Ojú tì mí. Mo kà á ní Pólì, ṣùgbọ́n torí ìdánwò ni. Afẹ́fẹ́ a máa gbé nǹkan tó bá gba àyè rẹ̀ sókè, bí omi ṣe ń gbé igbá. Irin gíráàmù 100 kò gbà ju àyè mílílítà 12.5 lọ, gíráàmù 0.015 péré ni afẹ́fẹ́ rí gbé lára rẹ̀. Omi mi gba àyè 100, ó di 0.12. Irin ni wọ́n sì fi kọ́ síkéèlì ní ìwọ̀n, irin nìkan ni kò ní parọ́ fún. 0.1 tó ṣẹ́ kù yìí ni mo torí ẹ̀ da Dùgbẹ̀ rú. Bàbá gba rìsíìtì, ó kọ ọ́ lé sítáǹbù wọn lórí: iye tí o bá rí fún omi, fi 1.001 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ṣe é níbẹ̀: 99.62.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Ilẹ̀kùn gíláàsì ọwọ́ ọ̀tún síkéèlì náà, tó yẹ kó dí atẹ́gùn, kì í pa dé. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ó ti gbàgbé ibi tí òdo rẹ̀ wà. Ó di kí n tún dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó fara balẹ̀. Ìwé tó bá a wá kò dárúkọ afẹ́fẹ́ lójú ewé kankan. Ọmọbìnrin yẹn kò sì tíì bẹ̀ mí títí di òní. (Òótọ́ ni pé mo tan fáànù.)

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Bàbá ló ni mẹ́rin níbẹ̀.