Ṣọ́ọ̀bù tó ní kí n wá bá òun tú bàálù mi: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún bàbá mẹkáníìkì tó bá mi yẹ bàálù mi wò yìí, ẹyọ kan tí mo mú kúrò yẹn, ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ lè pè é láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdeè, kò ní gbé e. Ṣe lẹ máa wakọ̀ lọ bá a ní háńgà, ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí, ẹ ó bá fóònù lórí tábìlì tó ń dún, bàbá á sì wà lábẹ́ bàálù ẹlòmíì.

Bàálù tèmi, Cessna 172M ni, 1974 ni wọ́n ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi ni torí wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ìjókòó mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320, agbára ẹṣin 150. Àwa mẹ́ta la jọ dáwó rà á níbí ní Houston, àmọ́ àwọn ará ilé tó gbọ́ pé mo ra bàálù, wọ́n ti rò pé mo ti di olówó, gbogbo ẹ̀bẹ̀ ló ti ń wọlé. Wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ló ń ná mi lówó.

Òfin Amẹ́ríkà ni pé láàárín oṣù 12, mẹkáníìkì tí FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ bàálù yín wò látòkè délẹ̀ kó sì fọwọ́ síwèé, annual là ń pè é. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ ò gbọdọ̀ fò. Ọdún méjì ni mo fi gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ẹ má bi mí lórúkọ wọn. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíìlì á dé. Mi ò rí nǹkan tí wọ́n ṣe, mi ò rí nǹkan tí wọ́n yọ, bíìlì nìkan ni mo máa ń rí. Lọ́dún kejì wọ́n ní atẹ́gùn ń jò ní sílíńdà kẹta, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ihò ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, pé ká yọ ọ́ ká ra tuntun. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ ronú ná.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe bàbá yìí. Tiẹ̀ ni pé ìwọ onínǹkan lo máa wá ṣiṣẹ́ ọmọ iṣẹ́, wàá tú, wàá fọ̀, wàá dè é padà, òun á máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló máa fọwọ́ síwèé. 1,400 dọ́là ló gbà lọ́wọ́ mi, owó pááàtì lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fún mi ní skrudráfà kan àti páànù tí wọ́n fi ń yan kéèkì wẹ́wẹ́, èyí tó ní ihò 12 yẹn. Síkúrù abẹ́ apá ọ̀tún nínú ihò yìí, tabẹ́ ìrù nínú tọ̀hún, ó ti fi máákà kọ ọ́ sétí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé eré ni, àfìgbà tí mo tú síkúrù débi pé ọrùn ọwọ́ ń ro mí, wọn ò sì gùn bára wọn, bí ẹ bá fi èyí tó gùn síbi tí kò yẹ ó lè lọ gún nǹkan nínú.

Ibi ìjókòó ni ẹ̀rù ti bà mí. Ìjókòó Cessna ń rìn lórí réèlì tó ní ihò tò lọ bẹ́ẹ̀, pín-ìn-nì kan ló ń bọ́ sínú ihò tó ń dì í mú. Bí ihò bá ti jẹ, pín-ìn-nì lè yọ nígbà tí ẹ bá ń gbéra, ìjókòó á sáré padà sẹ́yìn pẹ̀lú yín, ọwọ́ yín sì wà lára ìdarí, ẹ ó fa imú bàálù sókè láìmọ̀, ó sì lè já wálẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Èèyàn ti kú nínú ẹ̀, òun ni FAA fi pa á láṣẹ kí wọ́n máa wọn àwọn ihò náà. Bàbá wọn àwọn ihò tèmi, ó pè mí kí n wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò kan, kò rí róbótó mọ́, ó ti di bí ẹyin. Ihò tó jẹ tó báyìí, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣọ́ọ̀bù ńlá ti fọwọ́ síwèé o! Odindi ọjọ́ kan ni bàbá fi pààrọ̀ réèlì yẹn.

Ó wá kan sílíńdà kẹta. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó ní kí n di própẹ́là, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù, mú dáadáa, tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi á gbá mi. Wọ́n máa ń ti atẹ́gùn tí agbára ẹ̀ tó 80 lórí gééjì wọ inú sílíńdà ni, gééjì kejì á sọ iye tó kù. Tèmi sọ 54. Ó ní kí n gbé etí sí ẹnu sàláńsà, mo gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣìììì bí ejò. Ó ní tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí la ti gbọ́ ọ ni, rìǹgì ara písítìnì ló ń jò, àmọ́ tó bá ti ń gba ẹnu sàláńsà jáde, fáàfù ni, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde. Ó ti kámẹ́rà kékeré bọ ihò púlọ́ọ̀gì, a jọ wò ó, ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù, fáàfù ò jó, kò sán. Kò yọ sílíńdà rárá. Ó yọ sípíríǹgì fáàfù, ó fi nǹkan bí ìpara oníyanrìn sí i létí, ó fi rọ́bà so ìdí ẹ̀ mọ́ dríìlì, ó rọra ń yí i kó lè ha ìdọ̀tí náà kúrò. Nígbà tá a tún wọ̀n ọ́n, 74. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, mo ń ṣírò owó sílíńdà tuntun tí mi ò ní san mọ́.

Ó máa ń báni wí o. Púlọ́ọ̀gì kan já bọ́ lọ́wọ́ mi, bàbá ò sọ̀rọ̀, ó mú un, ó jù ú sí gábéèjì, ó ní èyí tó bá ti jábọ́ kì í padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó tún gbọ́ pé mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mi ò bá ráyè fò, ó bínú gan-an. Ó ní kámùṣáfútù Lycoming yìí, irin tó ń ṣí fáàfù, òkè ló wà, bó bá pẹ́ nílẹ̀ ọ́ìlì á ṣàn kúrò lára ẹ̀, ọ̀rinrin Houston á sì bá a. Pé kéèyàn tàn án lásán, omi ló ń fi kún inú ọ́ìlì torí kò gbóná tó láti gbé omi yẹn lọ. Àfi kéèyàn fò ó ni. Gbogbo báyìí, orúkọ mi ló fi ń pè mí, òun náà ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́, ẹni tó tó bàbá mi, "sir" ni mo ń pè é títí tá a fi parí.

Ohun tí ò dáa: háńgà ò ní éàkọ́ndíṣọ̀n, oṣù kẹjọ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ, gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi ló gbà tán. Ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, tàbí tí kò fẹ́ kí ọ́ìlì ta sí òun láṣọ, kó má wulẹ̀ débẹ̀. Táyà imú bàálù ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá balẹ̀, bàbá sì ti ní tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n pe òun ká dájọ́. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹfà.