Ọmọ ajá méjì tí ìyá kan bí, àbí ọ̀kan ṣoṣo?

Bí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń tajá, ẹni tó ń tà á máa ní, "Ẹ kúkú kó méjèèjì, kí wọ́n lè máa bára wọn ṣeré, màá dín owó kù fún yín." Owó tó dín yẹn ò tó nǹkan. Abẹ́rẹ́, oògùn aràn, oògùn eégbọn, oúnjẹ: gbogbo rẹ̀ ti di méjì-méjì nìyẹn.

Àǹfààní tí méjì ní ni pé igbe alẹ́ àkọ́kọ́ á dín kù. Ọ̀kan ṣoṣo lè sunkún fún alẹ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ gbé páálí rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yín, á dákẹ́.

Ibi ìgbọràn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìyẹn ló máa fi ṣe ẹni rẹ̀. Ẹ̀yin á kàn di ẹni tó ń gbé abọ́ wá. Ẹ pe ọ̀kan, ojú èkejì ló máa kọ́kọ́ wò. Ẹ fi okùn mú ọ̀kan jáde, èyí tó wà nílé á máa ha géètì, èyí tó wà lọ́wọ́ yín á kọ ẹran pàápàá. Ní oṣù 2, ẹ̀rín ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ní láti sùn sílé ìwòsàn, àdúgbò ò ní sùn.

Àtúnṣe wà, àmọ́ iṣẹ́ ni. Kéèjì méjì láti alẹ́ àkọ́kọ́: ẹ kọ́kọ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ máa sún wọn jìnnà díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi ní ríra mọ́. Abọ́ kan níwájú ilé, ìkejì lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìjáde náà lọ́tọ̀, àmọ́ ẹ gbé e lọ́wọ́ ni títí abẹ́rẹ́ á fi pé ní ọ̀sẹ̀ 16, torí parvo, àrùn tó máa ń pa ọmọ ajá, máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń kúrò ní Akóbọ̀ n'Ìbàdàn láago mẹ́fà àárọ̀ torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Dùgbẹ̀, ta ló máa bá a ṣe é? Ṣé ọlọ́dẹ ni? Kí ẹ tó dé títì ló ti dà wọ́n pọ̀.

Parvo fúnra rẹ̀: kí ọ̀kan tó máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èkejì ti lè kó o.

Abo méjì ló máa ń le jù. Wọ́n lè ṣeré fún ọdún kan gbáko kí ìjà tó dé, tó bá sì dé, ó di kí ẹ máa tì wọ́n mọ́lé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ àti abo ńkọ́? Abo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti oṣù 6, kò sì sí ajá tó mọ̀ pé àbúrò òun nìyí. Ẹ tẹ akọ lọ́dàá ṣáájú ìgbà náà.

Ilé tó lọ́gbà, tí àgbàlagbà méjì wà nílé lójoojúmọ́, tí kálukú ní ajá tirẹ̀, lè kó méjì. Ẹ̀yin tó kù, ẹ mú ọ̀kan tó ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Tó bá pé bí oṣù 18, tó ń gbọ́ "wá" àti "jókòó" láìsí okùn, ẹ wá èkejì: abo, bó bá jẹ́ akọ lẹ ní. Káàdì abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó dúnàá dúrà.