Ìkòkò Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Oúnjẹ Sísè: Èwo Ni Kí N Rà?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrẹsì jóná mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ò gba oúnjẹ." Mo lọ wo ilé ìdáná rẹ̀. Ìkòkò tó ń lò fúyẹ́ bí ìyẹ́, ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ bí agolo mílíìkì tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀. Kò sí ìyá olóúnjẹ tí ìrẹsì ò ní jó mọ́ lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò mọ oúnjẹ sè, ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò yín wò.

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta tó wà lọ́jà wéra.

Ìkòkò irin tí àwọn ìyá wa ń lò kì í ṣe irin rárá. Alumíníọ̀mù ni, ẹ fi òòfà kàn án, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á yọ́ àlòkù alumíníọ̀mù nínú iná tó ju 660°C lọ, wọ́n á sì dà á sínú iyanrìn. Ó nípọn, iná ń tàn kárí ìdí rẹ̀, kì í sì í sá kiri tẹ́ ẹ bá ń ro àmàlà. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ta ló mọ ohun tó wà nínú àlòkù yẹn? Òjé, tó jẹ́ májèlé, lè wà níbẹ̀, ata àti tòmátì sì máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Èmi ò jẹ́ kí ọbẹ̀ ata sùn nínú rẹ̀.

Nọ́nsítíìkì, ìyẹn páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ló máa ń wu ẹni tuntun jù, torí ẹyin á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹyin àti dòdò, kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ bí ooru páànù bá kọjá nǹkan bí 260°C, bẹ́ẹ̀ páànù òfìfo lórí gáàsì kì í pẹ́ débẹ̀. Ẹ da epo sí i kẹ́ ẹ tó tanná. Ṣíbí irin, rárá o. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gba àmàlà. Ó máa tú.

Síténílẹ́ẹ̀sì ló wọ́n jù. Èyí tí wọ́n kọ 18/10 sí lára ní chromium 18 nínú ọgọ́rùn-ún àti nickel 10, ìyẹn oríṣi irin méjì tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò rí i mú, ẹ lè fi ọbẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ di ọ̀la. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gbé iná kárí: alumíníọ̀mù ń gbé ooru jù ú lọ ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tó tínrín fi ń jó oúnjẹ láàárín. Ẹ yí i dojú dé nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí ìdí rẹ̀ bá nípọn, tí àmì ìsopọ̀ sì yí i ká, ó ṣeé ṣe kí alumíníọ̀mù wà láàárín rẹ̀. Oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Tó bá ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ da epo sí i.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ ń lo sítóòfù induction (èyí tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná), ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ìkòkò tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, sítóòfù yín kò ní mọ̀ ọ́n.)

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, síténílẹ́ẹ̀sì onídìí nípọn tó gba lítà 4 ni kẹ́ ẹ rà. Ìrẹsì máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, má ra èyí tó kéré. Tówó ò bá tó o, ẹ ra ìkòkò irin, kẹ́ ẹ sì kó ọbẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lálẹ́. Ní ti nọ́nsítíìkì, páànù kékeré kan tó, ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi ìdérí dé e, kẹ́ ẹ mì í. Tí ìdérí náà bá ń mì jìgìjìgì lórí rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.